Nígbà Tí Ọmọ Ológbò Bá Fẹ́ Tú Ilé Ká

Èkúté ló máa ń sọ ọ̀pọ̀ ìdílé di ẹni tó ń wá ọmọ ológbò kiri. Wọ́n á ti dẹ pańpẹ́ títí, síbẹ̀ èkúté á ṣì máa jẹ báàgì ìwé àwọn ọmọ, á máa lu àpò gàrí, á sì máa sáré kiri lókè àjà lóru bíi pé òun ló ń san owó ilé. Níkẹyìn, aládùúgbò kan tí ológbò rẹ̀ bímọ á fún wọn ní ọ̀kan. Ọjọ́ méjì-mẹ́ta àkọ́kọ́, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni àlejò náà máa sá sí. Nígbà tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, kọ́tìnì ti ya, nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn ti lu, panla tí ìyá ilé rẹ sínú omi ti pòórá, ẹnì kan sì ti tẹ ìgbẹ́ mọ́lẹ̀ nínú òkùnkùn. Bàbá á ní kí wọ́n gbé e lọ jù sí ọjà. Àwọn ọmọ á bú sẹ́kún.

Ọ̀rọ̀ yìí máa ń le jù ní ilé tí kò láàyè. Ní yàrá kan àti pálọ̀, tàbí ní ilé tí yàrá kọjú sí yàrá, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí “face-me-I-face-you”, ojú kan náà ni sítóòfù, bẹ́ẹ̀dì, àpò ìrẹsì àti ìwé àwọn ọmọ wà. Bó ṣe rí ní Mushin ló rí ní Aba àti ní Kaduna. Kò sí ibòmíràn tí ọmọ ológbò lè lọ ṣeré rẹ̀.

Ohun tó yẹ kí ìdílé kọ́kọ́ mọ̀ ni pé ọ̀pọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń pè ní ìwà ìpáǹle jẹ́ iṣẹ́ tí a dá mọ́ ológbò. Gígun òkè, fífi èékánná ha nǹkan, sísápamọ́ kó sì fò mọ́ ohun tó ń mira, gbogbo rẹ̀ ló máa lò láti fi mú eku lọ́la. Ẹgba kò lè lé e kúrò lára rẹ̀. Ohun tó wà lọ́wọ́ ìdílé ni pé kí wọ́n yan ibi tí yóò ti máa ṣe é àti àkókò tí yóò máa ṣe é, kí wọ́n sì tètè bẹ̀rẹ̀. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò.

Iṣẹ́ yìí tó ohun tí ènìyàn ń lo sùúrù fún. Ní ọdún 1969, láti ìlú Lassa ní ìpínlẹ̀ Borno, ni ibà Lassa ti kọ́kọ́ di mímọ̀ fún aráyé. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ irú èkúté kan tí ọmú rẹ̀ pọ̀ ló ń gbé àrùn náà wọ inú oúnjẹ àti ohun èlò ilé. Nínú àwọn ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé dárúkọ fún ìdènà rẹ̀ ni pé kí ènìyàn tọ́jú oúnjẹ sínú ohun tí eku kò lè wọ̀, kó da ilẹ̀ sí ibi tó jìnnà sí ilé, kí ilé mọ́, kó sì máa sin ológbò. Ìdílé tó bá lé ológbò jáde nítorí kọ́tìnì lè rí i pé èkúté ti padà dé láàárín oṣù díẹ̀, tí ẹnì kan á sì lọ ra májèlé eku wá sínú ilé tí ọmọdé ti ń rá.

Ebi ló ń sọ ọ́ di olè

Èrò kan wọ́pọ̀ pé ológbò tó bá yó kò ní pa eku mọ́. Nítorí èyí, àwọn kan máa ń fi ebi pa á. Èrò náà kò tọ̀nà. Ológbò tó yó dáadáa ṣì máa ń ba de eku, á sì pa á, bí kò bá tilẹ̀ ní jẹ ẹ́. Èyí tí ebi ń pa kò ní ìdí láti dúró de eku tó lè sá lọ, nígbà tí ẹja wà nínú abọ́ tí kò lè sá. Yàtọ̀ sí èyí, ọmọ ológbò tó jẹ́ oṣù méjì kò tíì lágbára láti pa èkúté ńlá. Bí ènìyàn bá ń retí pé kó wá oúnjẹ ara rẹ̀ ní ọjọ́ orí yẹn, olè ló ń kọ́ ọ.

Kí ọmọ ológbò tó pé oṣù 6, ó yẹ kó máa jẹ díẹ̀díẹ̀ nígbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin lóòjọ́. Ẹja ṣàwá tí wọ́n sè láìfi ata àti àlùbọ́sà sí, tí wọ́n ti yọ egungun rẹ̀ kúrò, dára fún un. Ẹyin sísè, ẹran adìẹ àti ẹ̀dọ̀ díẹ̀ dára pẹ̀lú. Ẹ̀bà tàbí ìrẹsì nìkan kò lè tọ́ ológbò dàgbà, torí ara rẹ̀ nílò èròjà kan tó ń jẹ́ taurine, inú ẹran àti ẹja ló sì ti máa rí i. Bí kò bá rí i tó fún ìgbà pípẹ́, ojú rẹ̀ lè fọ́, ọkàn rẹ̀ sì lè daṣẹ́ sílẹ̀. Àlùbọ́sà àti aáyù máa ń ba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe da àjẹkù ọbẹ̀ fún un. Mílíìkì inú agolo tí àwọn ọmọ fẹ́ràn láti fún un sì sábà máa ń mú kó ṣu gbuuru. Omi tó mọ́ ló nílò.

Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó kan ìkòkò. Ẹja tí wọ́n gbé kalẹ̀ láìbò, ẹ̀bi ẹni tó gbé e kalẹ̀ ni. Ìdérí tó bá fúyẹ́, kí wọ́n gbé ọmọ odó tàbí ohun mìíràn tó wúwo lé e. Bí ọmọ ológbò bá gun tábìlì lẹ́ẹ̀mẹ́wàá tí kò bá nǹkan kan níbẹ̀, tábìlì á sú u. Bó bá bá ẹja níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, á máa padà lọ wò ó lójoojúmọ́.

Abọ́ iyanrìn

Ológbò wà lára àwọn ẹran ọ̀sìn tó rọrùn jù láti kọ́ ní ìmọ́tótó, nítorí pé ó ti wà lára rẹ̀ láti gbẹ́ ilẹ̀ kó sì bo ìgbẹ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Abọ́ ìfọṣọ àtijọ́ tó ti sán tó láti fi ṣe ilé ìgbẹ́ fún un. Kí wọ́n bu iyanrìn gbígbẹ tàbí ìyẹ̀fun pákó láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń la gẹdú sínú rẹ̀, kó jìn tó ìka mẹ́ta. Kí wọ́n gbé e sí kọ̀rọ̀ tó dákẹ́, kó jìnnà sí ibi tó ti ń jẹun. Ní ilé yàrá kan, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn lè jẹ́ ibi tó dára.

Lẹ́yìn oúnjẹ kọ̀ọ̀kan, àti nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, kí ẹnì kan rọra gbé e sínú abọ́ náà. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, yóò máa lọ fúnra rẹ̀. Ojoojúmọ́ ni kí wọ́n máa fi ṣíbí àtijọ́ kó ìgbẹ́ kúrò, kí wọ́n sì máa pààrọ̀ gbogbo iyanrìn ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀. Bó bá ṣẹlẹ̀ pé ó tún lọ ṣe é sínú agbọ̀n aṣọ, kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ abọ́ náà wò. Ó lè jẹ́ pé ó ti dọ̀tí, tàbí pé àwọn ọmọ ń dẹ́rù bà á níbẹ̀. Kí wọ́n fọ aṣọ náà dáadáa, torí bí òórùn bá kù níbẹ̀, yóò tún padà wá. Ṣùgbọ́n bí akọ ológbò bá ń lọ síbẹ̀ lemọ́lemọ́, tó ń rin, tí ìtọ̀ kò jáde, kò sí ti ìpáǹle níbẹ̀. Ìtọ̀ rẹ̀ ti dí, ọjọ́ náà gan-an ló gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko.

Aláboyún kò yẹ kó máa kó ìgbẹ́ ológbò. Kòkòrò kan tó ń jẹ́ toxoplasma lè wà nínú rẹ̀, ó sì lè ṣe ọmọ inú oyún ní jàǹbá. Kí bàbá ilé gba iṣẹ́ náà. Ó máa ń gba ọjọ́ kan ó kéré tán kí kòkòrò náà tó lè ran ènìyàn, ìdí mìíràn sì nìyẹn tí kò fi yẹ kí ìgbẹ́ sun ibẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ẹni tó bá kó o, kó fi ọṣẹ fọ ọwọ́.

Èékánná, kọ́tìnì àti nẹ́ẹ̀tì

Bí ológbò bá ń ha àga, ó ń bọ́ èèpo àtijọ́ kúrò lára èékánná rẹ̀, ó ń na ara, ó sì ń fi òórùn àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ sàmì síbẹ̀ pé ilé òun nìyí. Kò lè ṣe kó máà ha nǹkan. Kí ìdílé wá igi kan tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà méjì àbọ̀, kí wọ́n fi okùn tàbí àpò tí wọ́n fi ń di kòkó wé e yí ká, kí wọ́n sì kàn án mọ́ pákó pẹlẹbẹ kó má bàa mì. Bó bá ń mì, ológbò kò ní sún mọ́ ọn. Ẹ̀gbẹ́ àga tó ń bàjẹ́ gan-an ni kí wọ́n gbé e sí. Bó bá ti ń ha igi, kí wọ́n yìn ín, kí wọ́n sì fún un ní ẹja tíńtín. Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ha àga, kí wọ́n gbé e lọ sídìí igi láìjágbe. Wọ́n tún lè máa gé ṣóńṣó èékánná rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, ibi funfun tó wà lókè pátápátá nìkan, torí ẹ̀jẹ̀ wà ní ibi tó pọ́n.

Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn ni kí ìdílé mú lọ́kùn-únkúndùn jù, nítorí ihò kan nínú rẹ̀ lè di ibà lára ọmọ. Láàárọ̀, kí wọ́n ká a sókè, kí wọ́n dè é kúrò nílẹ̀. Lálẹ́, kí wọ́n ki etí rẹ̀ sábẹ́ fóòmù. Ihò tó bá lu lónìí, kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán an lónìí. Kọ́tìnì pẹ̀lú, kí wọ́n ta á ní kókó títí ọmọ ológbò á fi dàgbà díẹ̀.

Nílé tí ilẹ̀ kò tó, òkè ni àyè wà. Orí kọ́bọ́ọ̀dù tàbí pákó kan tí wọ́n kàn mọ́ ògiri, tí wọ́n tẹ́ aṣọ àkísà sí, lè di ààfin ológbò. Bó bá ti ní ibi gíga tí ẹnikẹ́ni kò ti ní lé e, kò ní máa wá orí tẹlifíṣọ̀n.

Eré òru

Ìrọ̀lẹ́ àti ìdájí ni ara ológbò máa ń yá jù, torí ìgbà yẹn ni ohun tó ń dọdẹ máa ń jáde. Bó ṣe ń fi ọ̀pọ̀ wákàtí sùn lọ́sàn-án nígbà tí àwọn ọmọ wà níléèwé nìyẹn, tó fi wá ń fò lórí ẹsẹ̀ àwọn tó ń sùn ní aago mẹ́rin ìdájí. Kí ẹnì kan so àkísà mọ́ okùn, kó máa fà á nílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 sí 15 lálẹ́, kí ọmọ ológbò máa lé e, kó máa gbá a mú, títí yóò fi rẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà kí wọ́n fún un ní oúnjẹ ìkẹyìn. Bó bá ti dọdẹ tán, tó jẹun tán, yóò lá ara rẹ̀, yóò sì sùn. Kí wọ́n kó okùn náà pa mọ́ lẹ́yìn eré, torí okùn tàbí òwú tó bá gbé mì lè gé ìfun rẹ̀.

Bó bá ké ní ìdájí, kí ẹnikẹ́ni má ṣe dìde fún un lóúnjẹ. Ẹni tó bá dìde lẹ́ẹ̀kan ti bá a dá aago.

Ìka ọwọ́ kì í ṣe ohun ìṣeré. Ọmọ tó ń fi ìka bá ọmọ ológbò ṣeré lónìí ń kọ́ ọ pé ẹran ni ọwọ́ ènìyàn. Bó bá ti géni jẹ, kí eré dúró lójú ẹsẹ̀, kí ẹni náà dìde kúrò níbẹ̀. Ọmọ ológbò tí wọ́n já gbà lẹ́nu ọmú kó tó pé ọ̀sẹ̀ 8 ló sábà máa ń géni jẹ jù, nítorí ìyá àti àwọn ẹ̀gbọ́n òun àbúrò rẹ̀ ló yẹ kó kọ́ ọ bí a ṣe ń ṣeré láìpa ẹnìkejì lára. Kí ẹni tó fẹ́ gba ọmọ ológbò ní sùúrù títí yóò fi tó ọ̀sẹ̀ 8, bó bá sì ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó tún dára.

Ìyà kò kọ́ ọ ní nǹkan kan

Àwọn kan máa ń fi imú ọmọ ológbò ra ìgbẹ́ rẹ̀. Àwọn mìíràn a fi ata sí i lára, tàbí kí wọ́n so ó lọ́rùn mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Ìgbẹ́ tó ṣe láàárọ̀ kò lè yé e pé òun ni wọ́n torí rẹ̀ lù ú lọ́sàn-án. Ohun tó máa yé e ni pé ẹni yìí burú, yóò sì máa ṣe ohun tó fẹ́ ṣe lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì níbi tí ẹni náà kò ti ní rí i. Èyí tí wọ́n so mọ́lẹ̀ kò lè mọ ilé, kò lè mú eku, okùn sì lè fún un lọ́rùn pa bó bá fò. Bí wọ́n bá ń bẹ̀rù pé yóò sọnù, kí wọ́n tilẹ̀kùn mọ́ ọn nínú yàrá kan fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì àkọ́kọ́.

“Rárá” kan ṣoṣo, ní ohùn tó dúró, kí wọ́n sì gbé e lọ sí ibi tó yẹ kó wà, tó. Ṣùgbọ́n ohùn gbogbo ilé gbọ́dọ̀ ṣọ̀kan. Bí ìyá bá ní kò gbọdọ̀ gun tábìlì, tí bàbá wá ń ju ẹran sí i lẹ́nu lórí tábìlì, ọ̀dọ̀ bàbá ló ti máa kẹ́kọ̀ọ́.

Ohun tó lè pa á nínú ilé

Ilé tó bá gba ológbò gbọ́dọ̀ jáwọ́ nínú májèlé eku. Eku tó jẹ májèlé kì í tètè kú, ológbò tó bá sì jẹ ẹ́ lè bá a lọ. Oògùn kòkòrò dichlorvos burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọdún 2019, àjọ NAFDAC fòfin de ìgò kékeré rẹ̀ tí wọ́n ń tà káàkiri ọjà, nítorí ẹ̀mí àwọn ènìyàn tó ń lò ó bí kò ṣe yẹ.

Tábúlẹ́ẹ̀tì paracetamol kan lè pa ológbò. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fún un nítorí pé ara rẹ̀ gbóná. Àwọn oògùn apakòkòrò olóòórùn líle tó máa ń funfun bíi wàrà nínú omi jẹ́ májèlé fún un, torí bó bá tẹ ilẹ̀ tí wọ́n fi nù, yóò fi ahọ́n lá ẹsẹ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni káńfọ̀ tí wọ́n ń kó sáàárín aṣọ. Oògùn eégbọn tí wọ́n ṣe fún ajá, tí permethrin wà nínú rẹ̀, lè pa á pẹ̀lú. Kí wọ́n bo bọ́kẹ́ẹ̀tì omi, kí wọ́n sì gbé wáyà iná kúrò níbi tí eyín rẹ̀ lè dé.

Àwọn ọmọ àti àwọn aládùúgbò

Kí wọ́n kọ́ àwọn ọmọdé pé ológbò tó ń jẹun tàbí tó ń sùn, a kì í fọwọ́ kàn án, a kì í sì í fà á nírù. Nígbà tó bá tó nǹkan bí oṣù mẹ́ta, kí dókítà ẹranko gún un ní abẹ́rẹ́ àjẹsára àrùn dìgbòlugi, torí ajá nìkan kọ́ ló ń ní in. Bí ológbò èyíkéyìí bá gé ọmọ jẹ, tàbí tó ha á tí ẹ̀jẹ̀ jáde, kí wọ́n fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí wọ́n sì gbé ọmọ náà lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Ní kété tí àmì àrùn dìgbòlugi bá ti hàn lára ènìyàn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sẹ́ni tó ń yè é, àmọ́ abẹ́rẹ́ tí wọ́n bá tètè gbà máa ń dènà rẹ̀.

Ti aládùúgbò gba ọgbọ́n. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé àwọn àgbà ayé ló ń rán ológbò níṣẹ́ òru, pàápàá bó bá dúdú, ológbò tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ sì ti fi orí fá a. Igbe tó dà bí ẹkún ọmọ ìkókó, tó ń já láyà àwọn ènìyàn lóru, abo ológbò tó ń wá akọ ló sábà máa ń ké e. Abo lè lóyún láti oṣù mẹ́rin, ó sì máa ń bímọ lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 9, nígbà bíi mélòó kan lọ́dún. Bí dókítà ẹranko bá ti ṣiṣẹ́ abẹ tí kò fi ní lè bímọ mọ́ fún un, igbe òru á dáwọ́ dúró, ọmọ ológbò kò sì ní kún inú ọgbà. Ilé ìwòsàn ẹranko ti ìjọba wà ní ọ̀pọ̀ olú ìlú ìpínlẹ̀, ó sì wà ní àwọn yunifásítì bíi ti Ìbàdàn, Zaria àti Nsukka.

Kí onílé sọ fún àwọn tó jọ ń gbé kó tó gbé ológbò dé, kó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má da májèlé sílẹ̀, kó sì sanwó ẹja tí ológbò rẹ̀ bá jí láìjiyàn. Eku àkọ́kọ́ tó bá pa nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbogbogbòò yóò bá a ṣe ìyókù àlàyé. Kí wọ́n má fi ọwọ́ lásán gbé òkú eku náà. Nọ́ọ̀nù tàbí nylon ni kí wọ́n fi wé ọwọ́, kí wọ́n sì sin ín.

Bí ọmọ ológbò bá fi máa pé ọdún kan, ara rẹ̀ á ti rọlẹ̀ gan-an. Ológbò tí wọ́n tọ́jú dáadáa lè lo ọdún 10 sí 15 nínú ilé, ìyẹn ni pé ọmọ tó wà ní jẹ́lé-ó-sinmi lónìí lè ti wọ yunifásítì kí wọ́n tó pínyà. Kí ìdílé tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí pín iṣẹ́ náà: ọmọ kékeré kó máa pọn omi sínú abọ́ rẹ̀, èyí tó dàgbà díẹ̀ kó máa bá a fa okùn lálẹ́, ìyá kó máa bo ìkòkò, bàbá kó máa kó iyanrìn.